Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀kọ́ tí yunifásítì, àjọ tàbí ilé-iṣẹ́ gbé jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, láìgba owó ilé-ìwé, láìbéèrè ìwé mẹ́wàá. Kì í ṣe fídíò tó kàn fọ́n káàkiri: ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ó ní iṣẹ́ ṣíṣe àti ìdánwò, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló sì tò ó. Ìlera, ìmọ̀ àwùjọ àti iṣẹ́ olùkọ́ wà lára àwọn ẹ̀ka tó ti wúlò jù, nítorí ohun tí ènìyàn kọ́ níbẹ̀ lówùúrọ̀, ó lè lò ó fún aláìsàn tàbí ọmọ ilé-ìwé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Gbòǹgbò rẹ̀ ti pẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá Open University sílẹ̀ ní 1969. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ilé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí, ìwé ń bá wọn níbẹ̀, BBC sì ń gbé ẹ̀kọ́ sáfẹ́fẹ́ fún wọn. Wọ́n ń gbowó, ṣùgbọ́n wọn kò fi èsì ìdánwò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò gbé ohun èlò ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí 2007 tó parí, kọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ti tó 1,800. Láàárín ìgbà yẹn, ní 2002, àjọ Creative Commons gbé ìwé àṣẹ jáde tí oníṣẹ́ lè fi yọ̀ǹda pé kí ẹlòmíràn da iṣẹ́ òun kọ, kó tún un ṣe, kó túmọ̀ rẹ̀, kó ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ yìí, wíwò lásán ni à bá máa wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Open University náà ṣí OpenLearn ní 2006, níbi tí ẹ̀kọ́ nípa ìlera, òfin, ìṣèlú àti ìtọ́jú ọmọdé pọ̀ sí.

Ọdún 2011 ni òkìkí ẹ̀kọ́ yìí kàn. Àwọn olùkọ́ méjì, Sebastian Thrun àti Peter Norvig, ṣí kọ́ọ̀sì wọn ní yunifásítì Stanford sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ènìyàn bí 160,000 sì forúkọ sílẹ̀. Lọ́dún kejì ni àwọn ìkànnì ẹ̀kọ́ Udacity, Coursera àti edX dé. Láti ìgbà yìí lọ, ó yẹ kí òǹkàwé máa béèrè ẹni tó ń sanwó. Àwọn àjọ aláàánú bíi Hewlett ló ran MIT àti OpenLearn lọ́wọ́. Owó olùdókòwò ni Coursera fi bẹ̀rẹ̀, olùdókòwò sì ń retí èrè. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí di títà, tí iṣẹ́ àmúṣe tí wọ́n ń máàkì di ti ẹni tó bá sanwó. edX, tí MIT àti Harvard dá sílẹ̀ láìwá èrè, ni wọ́n tà fún ilé-iṣẹ́ 2U ní 2021 ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń fa oníbàárà lè dópin lọ́la. Èyí tó ní ìwé àṣẹ, ẹni tó bá ti gbà á sílẹ̀ ti ní in nìyẹn.

Àwọn tó ń parí kò pọ̀: nínú àwọn kọ́ọ̀sì ńlá wọ̀nyí, wọn kì í sábà tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ń tìtorí èyí bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó ka apá tó kàn án nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kò kùnà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí ni ẹni tó fẹ́ parí, tí dátà rẹ̀ tán lórí fídíò kejì.

Nínú ìlera ni agbára ẹ̀kọ́ yìí ti hàn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣí OpenWHO ní 2017. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní 2020, kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lórí àrùn kòrónà ti wà níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin kí àjọ náà tó kéde pé àrùn náà ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó lé ní 40. Ti Ethiópíà tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìjọba ibẹ̀, Open University, UNICEF àti àjọ ìlera AMREF jọ ṣe ìwé ẹ̀kọ́ 13 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn: ìtọ́jú aláboyún, ìgbẹ̀bí, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ aṣaralóore, ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àwọn onímọ̀ Ethiópíà fúnra wọn ló kọ ọ́, nítorí náà àìsàn àti abúlé tí wọ́n mọ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí orílẹ̀-èdè mìíràn lè mú un lò. Síbẹ̀, kọ́ọ̀sì orí fóònù kì í sọ ènìyàn di agbẹ̀bí. Iwájú àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ti ń kọ́ ọwọ́ ìgbẹ̀bí.

Ní ti ìmọ̀ àwùjọ, ẹ̀kọ́ Michael Sandel lórí ìdájọ́ òdodo, tí Harvard gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2009, ṣì ń fa ìjíròrò káàkiri ayé.

Ní Nàìjíríà, wọ́n dá NOUN (National Open University of Nigeria) sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí i dìde ní 2002. Òun fúnra rẹ̀ padà wá gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ NOUN ń sanwó, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lórí ìkànnì rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. National Teachers' Institute ní Kàdúná náà wà lára àwọn tó lọ́wọ́ sí TESSA, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dá kíláàsì tó kún àkúnya lẹ́kọ̀ọ́, àti bí wọ́n ṣe lè fi ohun tó wà ládùúgbò kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè mẹ́rin ni wọ́n gbé e jáde sí: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Lárúbáwá àti Kiswahili. Yorùbá kò sí nínú mẹ́rin náà, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ gba ìtumọ̀ láyè. Olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó má ṣe gbàgbé láti kọ orúkọ àwọn tó ṣe é síbẹ̀.