Àwọn akọni ìbejì nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìsì

Ìbejì pọ̀ láàrin àwọn akọni inú ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó lókìkí pa pọ̀ tó Castor àti Polydeuces, àwọn ọmọ Leda, ayaba Sparta. Pollux ni àwọn ará Róòmù ń pe Polydeuces. Castor mọ ẹṣin í tù lójú, Polydeuces sì jẹ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Ìtàn wọn kò lókìkí tó ti Heracles tàbí ti Achilles lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ òde òní, àmọ́ ní Igbó-Ọrà, tí ayé mọ̀ sí olú ìlú ìbejì, kò sí akọni Gíríìsì mìíràn tí ìtàn rẹ̀ bá ilé mu tó tiwọn. Ìdí ni pé agbára apá kọ́ ló sọ wọ́n di àpéwò. Ohun tí ìbejì kan ṣe nígbà tí ikú fẹ́ mú èkejì lọ ni, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí ìyá ìbejì kankan ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìlú ló ń yan akọni

Gbogbo Gíríìkì ló mọ Heracles, síbẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní akọni tirẹ̀, tó ní ojúbọ tirẹ̀ àti ọdún tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ilé-Ifẹ̀ ṣe ní Mọrèmi, tí Ìrè ní Ògún, tí Ọ̀yọ́ sì ní Ṣàngó. Theseus ni Áténì mú. Ní nǹkan bí ọdún 475 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀gágun Cimon kó egungun kan tí wọ́n gbà pé ti Theseus ni láti erékùṣù Skyros wá sílé, wọ́n sì sin ín sáàárín ìlú pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá.

Sparta mú ìbejì. Ọba méjì ló máa ń wà lórí oyè pa pọ̀ níbẹ̀, láti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n bá sì ń lọ sójú ogun, àwọn ìbejì ń bá wọn lọ. Herodotus òpìtàn sọ pé nígbà tí àwọn ọba méjèèjì ta kora lójú ogun ní nǹkan bí ọdún 506 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n ṣòfin pé ọba kan ṣoṣo ni yóò máa lọ. Èkejì á jókòó sílé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà á sì jókòó tì í. Plutarch ṣàpèjúwe àmì wọn àtijọ́: òpó igi méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n fi igi ìdábùú so pọ̀.

Ìbí wọn

Ẹnu àwọn tó kọ ìtàn náà kò kò lórí ẹni tó bí wọn. Nínú Odyssey ti Homer, Tyndareus ọba Sparta ni bàbá àwọn méjèèjì. Àwọn mìíràn ní ọmọ Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìsì, ni wọ́n. Pindar akéwì pín in sí méjì: Zeus ló bí Polydeuces, Tyndareus ló bí Castor, nítorí náà ọ̀kan kò lè kú, èkejì sì ní láti kú. Ìtàn mìíràn ní Zeus para dà di ẹyẹ lọ bá Leda, ẹyin ló sì yé. Helen, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ja ogun Troy, àti Clytemnestra jẹ́ arábìnrin wọn.

Heracles pàápàá, ìbejì ni. Iphicles ni èkejì rẹ̀, Zeus sì ló bí Heracles nígbà tí Amphitryon, ọkọ ìyá wọn, bí Iphicles. Ìwé tí wọ́n fi orúkọ Apollodorus pè sọ pé Heracles fi òru kan ju Iphicles lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí Táyéwò ti kọ́kọ́ yọjú wá tọ́ ayé wò tí Kẹ́hìndé tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n, Iphicles ni wọn ìbá pè ní ẹ̀gbọ́n. Ìbejì Thebes, Amphion àti Zethus, ló mọ odi ìlú náà: Zethus fi èjìká ru òkúta, Amphion ta háàpù títí òkúta fi ń rìn fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ akọni

Nígbà tí Theseus jí Helen gbé pa mọ́ sí Aphidna, Castor àti Polydeuces kó ogun lọ síbẹ̀, wọ́n gba àbúrò wọn, wọ́n sì kó Aethra, ìyá Theseus, ní ẹrú. Wọ́n wà lára àwọn tó wa ọkọ̀ Argo lọ wá irun àgbò oníwúrà. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti ko Amycus, ọba tí kì í jẹ́ kí àlejò kọjá láìkọ́kọ́ bá òun kan ẹ̀ṣẹ́. Polydeuces ló jáde sí i. Apollonius ti Rhodes sọ pé ẹ̀ṣẹ́ kan lókè etí ló fọ́ egungun orí ọba náà tó fi kú. Theocritus, tí òun náà kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ní Polydeuces dá a sí lẹ́yìn tó mú un búra pé òun kò ní fìyà jẹ àlejò mọ́.

Ikú Castor

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin ìbátan. Idas àti Lynceus jẹ́ ọmọ arákùnrin Tyndareus. Àwọn kan ní màlúù ló dá ìjà sílẹ̀, àwọn mìíràn ní Phoebe àti Hilaeira, àwọn ọmọbìnrin Leucippus, ni. Ojú Lynceus mú ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Láti orí òkè Taygetus ló ti rí Castor níbi tó sá pa mọ́ sí nínú ihò igi óákù, Idas sì fi ọ̀kọ̀ gún un. Polydeuces lé wọn bá. Wọ́n fa òkúta ibojì bàbá wọn tu, wọ́n sọ ọ́ lù ú láyà, kò mì. Ó gún Lynceus pa, Zeus sì sán àrá pa Idas.

Polydeuces sáré padà, ó bá Castor tó ń mí ìmí àmíkẹ́yìn. Ó sunkún, ó ní kí Zeus pa òun náà. Zeus fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún un: kó máa gbé Olympus títí ayé, láìdarúgbó, láìkú, ní òun nìkan, tàbí kó bá Castor pín ohun gbogbo lọ́gbọọgba, kí wọ́n máa lo ìdajì ìgbà lábẹ́ ilẹ̀, ìdajì lókè ọ̀run. Pindar, tó kọ ọ́ sínú orin kẹwàá nínú àwọn orin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Nemea, sọ pé Polydeuces kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú Castor là, ohùn rẹ̀ sì padà.

Nínú Iliad, Helen dúró lórí odi Troy, ó ń wá àwọn arákùnrin rẹ̀ láàrin ọmọ ogun Gíríìkì. Kò rí wọn, ó rò pé ìtìjú tí òun kó bá wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n yọjú. Ilẹ̀ Sparta ti gbé wọn mì nígbà yẹn.

Ère ìbejì àti tábìlì àwọn akọni

Kò sí ẹ̀rí pé Gíríìkì àti Yorùbá yá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tó wà ni pé àwọn méjèèjì gbà pé ìbejì kì í dá kú, kì í sì í dá yè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ọ̀kan bá lọ, òbí á tọ babaláwo lọ, wọn á sì bẹ agbẹ́gilére lọ́wẹ̀ kó gbẹ́ ère rẹ̀, kí èyí tó lọ má baà máa pe èyí tó kù. Ọmọ jòjòló lè ni ẹni tó kú, àmọ́ ojú àgbàlagbà ni wọn yóò gbẹ́ sí ère náà: ẹyinjú ńlá, irun dídì gíga, nígbà mìíràn ọmú. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á máa fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀, á so ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ mọ́ ọn, á sì fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Ìwẹ̀ àti ìpara yìí ló jẹ́ kí ojú àti imú ère àtijọ́ mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán.

Richard Lander, arìnrìnàjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ yìí kọjá ní 1830, wà lára àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ń gbé ère ọmọ wọn tó kú káàkiri. Ìwádìí tó jinlẹ̀ wá láti ọwọ́ Robert Farris Thompson ní 1971 àti Marilyn Houlberg ní 1973, nínú ìwé ìròyìn African Arts. Thompson pe ìbejì ní ọmọ àrá nínú àkọlé rẹ̀, torí pé ní agbègbè Ọ̀yọ́, ọmọ Ṣàngó ni wọ́n kà wọ́n sí. Zeus, bàbá Polydeuces, ló ni àrá ní Gíríìsì.

Oúnjẹ tún so wọ́n pọ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n máa ń sè fún ìbejì ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ọmọdé àdúgbò á sì pé jẹ ẹ́. Ní Áténì, wọ́n máa ń tẹ́ tábìlì fún Castor àti Polydeuces nínú ilé ìgbìmọ̀ ìlú; Athenaeus to ohun tó wà lórí rẹ̀: wàràkàṣì, àkàrà ọkà báálì, èso ólífì tó pọ́n, àti àlùbọ́sà eléwé.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi àti Ìsìláàmù gbilẹ̀, iṣẹ́ ère dín kù, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò kú. Stephen Sprague kọ ní 1978 nípa àwọn ayàwòrán ìlú Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ àwòrán méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, tí ọmọ kan á fi jókòó ti ara rẹ̀ bí ẹni méjì. Bí akọ àti abo bá ni wọ́n, á wọ aṣọ ọkùnrin nínú ọ̀kan, á wọ ti obìnrin nínú èkejì.

Igbó-Ọrà

Igbó-Ọrà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú ìlú Ìbàràpá méje, pẹ̀lú Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Igangan. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ní Ìbàràpá, Igbó-Ọrà ló sì fi ṣe ibùdó. Láti ibẹ̀ ni dókítà P. P. S. Nylander ti rí i pé nínú 1000 ìbímọ, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi ti gbogbo ayé sí 12 péré. Láti 2018 ni ìlú náà ti ń ṣe ọdún ìbejì, tí àwọn tó jọ ara wọn yóò wọ aṣọ kan náà jáde.

Ohun tó fà á ni awuyewuye ṣì wà lé lórí. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ń tọ́ka sí ọbẹ̀ ilasa, ìyẹn ewé ilá, tí wọ́n fi ń jẹ àmàlà. Àwọn mìíràn ní omi ìlú ni. Àwọn kan tún ti dá a lábàá pé èròjà kan nínú iṣu lè máa mú kí ẹyin méjì gbó pọ̀ lára obìnrin, àmọ́ kò tíì sí ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì yẹ ká rántí pé wọ́n ń jẹ iṣu àti ilasa ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn. Nylander rí i pé họ́mọ̀nù FSH, tó ń mú ẹyin gbó, máa ń pọ̀ jù lára àwọn ìyá tó ń bí ìbejì. Ìdílé náà ní ipa: obìnrin tí ìyá rẹ̀ bí ìbejì lè bí i. Èwo nínú ìwọ̀nyí ló ní ipa jù ní Igbó-Ọrà, kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Èyí tó dájú ni pé púpọ̀ nínú ìbejì Yorùbá wá láti ara ẹyin méjì, wọn kì í ṣe ẹyin kan tó pín.

Lẹ́yìn Sparta

Ní Róòmù, wọ́n ní àwọn ìbejì náà gẹṣin wá gbèjà ìlú nínú ogun adágún Regillus. Wọ́n ya tẹ́ńpìlì kan sí mímọ́ fún wọn ní ọdún 484 ṣáájú ìbí Kristi. Òpó mẹ́ta lára ilé tí wọ́n tún kọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn náà ṣì dúró di òní. Àwọn atukọ̀ ń ké pè wọ́n nínú ìjì, ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà tó gbé Pọ́ọ̀lù kúrò ní Málítà sì ní àmì wọn lára, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:11 ti wí. Ìràwọ̀ méjì tó ń tàn ní agbo ìràwọ̀ Gemini ń jẹ́ orúkọ wọn, wọ́n sì ṣeé rí láti Ìbàràpá ní alẹ́ ìgbà ọyẹ́; Pollux pọ́n díẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀ ju Castor lọ. Gemini náà ni Amẹ́ríkà sọ ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ẹlẹ́ni-méjì rẹ̀, tó gbé ènìyàn lọ ní ìgbà mẹ́wàá ní 1965 àti 1966.