Igbó kéékèèké àti ìgbóná ilẹ̀ oko ní Afijio

Igbó kéékèèké, ìyẹn àwọn igi kúkurú àti ewéko tó máa ń hù bo ilẹ̀ oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, wà lára ohun tó ń pinnu bí ilẹ̀ ṣe ń gbóná tó ní Fìdítì, Ìlọrà àti àwọn ìlú yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Agbègbè yìí wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Omi inú ilẹ̀ kì í dì níbẹ̀; ooru ni ó ń ba irè oko jẹ́.

Ewé igbó máa ń gba oòrùn kí ó tó kan ilẹ̀, omi tó ń gbẹ kúrò lójú ewé sì ń mú afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ tutù. Ní òru ọyẹ́, ilẹ̀ tó ṣófo a máa yára pàdánù ooru rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé a máa dá díẹ̀ dúró. Ní ìhà àríwá ayé, níbi tí ilẹ̀ ti ń dì, irú igbó bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń kó yìnyín jọ bí aṣọ ìbora nígbà òtútù, ó sì ń ṣíji bo ilẹ̀ nígbà ooru. Ní Siberia, níbi tí àwọn onímọ̀ ti gé e kúrò, ilẹ̀ dídì yọ́ jinlẹ̀ sí i.

Ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní IITA, Ìbàdàn, wọn ìgbóná ilẹ̀ oko àgbàdo. Ilẹ̀ tó ṣófo lè gbóná kọjá 40 °C lọ́sàn-án ní sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀. Èyí tí a fi koríko gbígbẹ bò tutù jù ú lọ, omi ń pẹ́ nínú rẹ̀, ekòló sì ń pọ̀ níbẹ̀. Lal gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 2020.

Àwọn àgbẹ̀ kò dúró de òǹkà yìí. Iṣu tí a gbìn kí òjò tó dé lè jẹrà sínú ebè bí oòrùn bá pa á jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi koríko tàbí ewé gbígbẹ dé orí ebè, tí wọ́n sì ń bu erùpẹ̀ lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Ewéko tó wọ́pọ̀ jù lórí ilẹ̀ tó ń sinmi lónìí ni Chromolaena odorata, tó ti Amẹ́ríkà wá. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀; ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà. Ó ń yára bo ilẹ̀, ewé rẹ̀ tó ń wọ́ sílẹ̀ sì ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ìgbẹ́ a sì tètè ràn án. Bí ó bá jó tán ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ilẹ̀ a ṣófo ní àkókò gan-an tí oòrùn mú jù, tí iṣu tuntun sì ti wà nínú ebè.