Nígbà tí Wọ́n bá Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Akọ̀ròyìn

Bí ènìyàn bá kúrò nínú ariwo ọjà ńlá Onitsha lẹ́bàá odò Ọya, tí ó sì gòkè lọ sí Inland Town, ibẹ̀ ni yóò ti rí ààfin Obi àti agbo-ilé àwọn ọmọ-bíbí ìlú. Ọmọ Onitsha ni àwọn òbí Nnamdi Azikiwe. Onitsha náà ni ó sá lọ ní 1945, nígbà tí ó kéde pé wọ́n ń wá ẹ̀mí òun.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún náà ni ó fa ọ̀ràn. Ogun àgbáyé kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń béèrè àfikún owó. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ìjọba amúnisìn fi òfin de West African Pilot àti Daily Comet, ìwé ìròyìn Azikiwe méjì ní Èkó, pé wọ́n ń lọ́ òtítọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà po. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Azikiwe ní ìwé ìròyìn mìíràn ní Port Harcourt. Inú rẹ̀ ni ìròyìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbà jáde. Ó tún ní Nigerian Spokesman ní Onitsha, tí ó dá sílẹ̀ ní 1943. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn ìwé náà, tirẹ̀ ni.

Ní 2021 ńkọ́? Twitter ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn wa fi ń gbọ́ ìròyìn, òun náà ni wọ́n fi ń tàn án kálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé kúrò (ogun tí Onitsha mọ oró rẹ̀ dáadáa). Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù dí ọ̀nà Twitter pa gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti pàṣẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àjọ NBC ní kí ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má lò ó mọ́ rárá. Àwọn kan tẹríba. N kò lè bú wọn, nítorí ọwọ́ àjọ yìí ni ìwé àṣẹ wọn wà. Àwọn mìíràn fi VPN yọ́ wọlé, bí ẹni pé ìlú òkèèrè ni wọ́n ń gbé. Àwọn akọ̀ròyìn wà lára àwọn tí ó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá wọn láre, ṣùgbọ́n ìjọba ti ṣí ọ̀nà náà láti oṣù Kìíní.

Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Elon Musk ra Twitter, tí ó wá di X ní 2023. Lọ́tẹ̀ yìí, onílé fúnra rẹ̀ ni ó yí ilé padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ó gba àmì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn tí kò sanwó. Rédíò NPR ti Amẹ́ríkà kó jáde lóṣù náà, nítorí pé wọ́n lẹ orúkọ tí ó so ó mọ́ ìjọba mọ́ ọn. NPR ní rédíò tirẹ̀ tí ó padà sí. Akọ̀ròyìn aládàáṣiṣẹ́ tí ó ti kó gbogbo òǹkàwé rẹ̀ jọ síbẹ̀ ní láti sanwó, tàbí kí ó dúró láìní àmì.