Wúrà Lára Ilé Mímọ́, Ọnà Lára Ààfin Ìkẹ̀rẹ́

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń wá ohun tó níyì jù lọ ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti fi ṣe ilé Ọlọ́run àti ojúbọ òrìṣà lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló yan wúrà, nítorí pé wúrà kì í dípẹtà, òjò àti oòrùn kì í sì í pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Ní gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ̀rẹ́ dé Ìsẹ̀ títí dé Ẹmùré, igi àti ọwọ́ ọnà ni àwọn baba wa yàn. Bí a bá to ìtàn méjèèjì ti ara wọn, a ó rí i pé Èkìtì kò kẹ́yìn rárá nínú àwọn tó bu ọlá fún ohun mímọ́.

Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ a máa fi wúrà tó lú mọ́ fàdákà bo ṣóńṣó ọ̀wọ̀n òkúta tí wọ́n ń gbé nàró níwájú ilé òrìṣà wọn, kí ìtànṣán àárọ̀ lè kọ́kọ́ bà lé e. Bíbélì sọ fún wa pé Sólómọ́nì fi wúrà bo inú tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Bíbélì kan náà ló sọ pé nígbà tí ọba Ásíríà gbógun dé, Hesekáyà ọba Júdà bó wúrà ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì láti fi san ìṣákọ́lẹ̀. Ilé Ọlọ́run wá di àpò owó ìlú lọ́jọ́ ìṣòro.

Síbẹ̀, àṣà náà ń gbilẹ̀ ni. Ní Yangon, ní ilẹ̀ Myanmar, Ọbabìnrin Shinsawbu fi wúrà tó wúwo tó ara rẹ̀ ta ilé mímọ́ Shwedagon lọ́rẹ ní nǹkan bí 500 ọdún ó lé sẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà sì ń fi wúrà kún un títí dòní. Ní Amritsar, ní Íńdíà, Maharaja Ranjit Singh ló fi wúrà bo tẹ́ḿpìlì àwọn Síìkì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. Ilé Òkúta Mímọ́ àwọn Mùsùlùmí ní Jerúsálẹ́mù ti wà láti nǹkan bí ọdún 691. Ní ọdún 1993, Ọba Hussein ti Jọ́dánì sanwó kí wọ́n fi nǹkan bí kílò wúrà 80 tún òrùlé rìbìtì rẹ̀ bò. Nílé wa níbí, òrùlé aláwọ̀ wúrà mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ Àbújá, tí wọ́n kọ́ ní 1984, ń tàn dé ọ̀nà jíjìn.

Ẹwà yìí ní ohun tó ń náni. Wúrà tí wọ́n fi ń bo ilé, wọ́n a lù ú títí èémí ẹnu fi lè gbé e fò. Ọ̀nà àtijọ́ mìíràn ni kí wọ́n po wúrà mọ́ mẹ́kúrì, kí wọ́n fi kun bàbà, kí wọ́n sì fi iná lé mẹ́kúrì náà lọ. Oró ni èéfín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi wúrà bo òrùlé kàtídírà Saint Isaac ní Rọ́ṣíà bẹ́ẹ̀, èéfín náà pa ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́.

Ìyà tó jẹ Coricancha tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé òrìṣà oòrùn àwọn Inca ni, ní ìlú Cusco ní Perú, wúrà sì bo ògiri rẹ̀. Ní 1533, àwọn ará Spéìn ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n yọ́ ọ nínú iná, wọ́n sì pín in. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí owó wúrà kan pé ti Cusco nìyí. Bí wúrà bá ti yọ́, orúkọ ẹni tó ni ín àti orúkọ ẹni tó ṣe é ti parẹ́.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Mansa Musa ti Mali ná wúrà ní Káírò lọ́dún 1324 débi pé iye wúrà já wálẹ̀ ní ọjà ibẹ̀. Nígbà tó darí dé, amọ̀ ló fi kọ́ mọ́ṣáláṣí Djinguereber ní Timbuktu, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ilẹ̀ Yorùbá náà ní wúrà, ní agbègbè Iléṣà, ṣùgbọ́n wọn kò fi bo ojúbọ. Ní ààfin Bìní, idẹ tí wọ́n ya àwòrán ọba àti jagunjagun sí ni wọ́n kàn mọ́ òpó nígbà kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kó o lọ ní 1897.

Ìtàn so Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, pọ̀ mọ́ Bìní. Ọba sì ni aláṣẹ èkejì òrìṣà, nítorí náà ibi mímọ́ ni ààfin rẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, Ògògà ránṣẹ́ pe Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó ń gbẹ́gi fún Arínjalè, ọba Ìsẹ̀. Lára òpó kan, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé ẹlẹ́yẹ, ó sì gbẹ́ olorì àgbà sẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, kí ẹni tó bá rí i lè mọ agbára àwọn ìyá tó gbé adé ró. Sára ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ Ògògà níbi tó ti ń gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lálejò, àwọn ère náà sì yọ síta kúrò lára pákó débi pé orí wọn ń wo ẹni tó ń wọlé.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà, wọ́n ṣe ìtẹ́ fún un, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. Òpó ọba àti olorì wà ní Chicago báyìí. Lóòótọ́, wọ́n ti kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níwájú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà yóò ka orúkọ Ìkẹ̀rẹ́ àti orúkọ Ọlọ́wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè yọ́ ọnà igi bí wọ́n ti yọ́ wúrà Cusco.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938, iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú lé e lórí. Kí ìjọba Èkìtì, àwọn ọba gúúsù Èkìtì àti Yunifásítì Bámidélé Olúmìlúà tó wà ní Ìkẹ̀rẹ́ pawọ́ pọ̀, kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo òpó àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tó ṣẹ́kù nínú àwọn ààfin wa, kí wọ́n kọ ìtàn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ikán àti lọ́wọ́ olè. Kí wọ́n gba àwọn agbẹ́gilére tó wà láàyè síṣẹ́ olùkọ́, kí ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà lè rí ọ̀gá nílé. Ohun tí àwọn baba wa fi bu ọlá fún ibi mímọ́ nìyí, àwa la ni ín, àwa la ó sì tọ́jú rẹ̀.