Iṣẹ́ ti bọ́, password ṣì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́: ohun tí òfin sọ àti ohun tó yẹ kí ọ̀gá ṣe

Láyé àtijọ́, tí ọ̀gá bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ló máa gbà padà, ó parí. Lónìí, ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ ni ojú kì í rí. Ẹ wo ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí: ilé ẹ̀kọ́ aládàáni l'Ómù-Àrán, ilé ìwòsàn, ilé oògùn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Èsìẹ́, ṣọ́ọ̀bù POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ní púpọ̀ nínú wọn, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ password, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, ímeèlì, ojú ìwé Facebook àti àkáǹtì owó. Tí ẹni yẹn bá wá bínú lọ ńkọ́?

Òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ díẹ̀ ló mọ̀ nípa rẹ̀. Òfin tó tako ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, Cybercrimes Act, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún ọdún 2015, ní abala kan tó dá lé òṣìṣẹ́ nìkan, abala 31. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́, ti ìjọba o, ti aládàáni o, gbọ́dọ̀ dá password àti àṣẹ ìwọlé padà fún agbanisíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ bá ti parí láàárín wọn. Ẹni tó bá dì í mú láìní ìdí tó bófin mu lè lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí kó san ìtanràn ₦500,000, tàbí méjèèjì. Kò tán síbẹ̀ o. Tí ohun tó dì mú bá lè pa ibi iṣẹ́ náà lára, òfin máa gbà pé ṣe ló fẹ́ fi há ọ̀gá rẹ̀ lọ́nà láti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun èèyàn nìyí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń di password mú, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Owó oṣù wọn ló wà lọ́rùn ọ̀gá. "Ẹ sanwó mi ná, kí n tó fún yín." Ó dà bí ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n lójú òfin, gbèsè owó oṣù lọ́tọ̀, password lọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè ti ibẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń fà lọ sí tọ́ọ̀ṣàn ọlọ́pàá.

Owó náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Abala 11 nínú Labour Act, tó wà fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ agbára, sọ iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́: ọ̀sẹ̀ kan tó bá ti lò ju oṣù 3 lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5, oṣù kan tó bá ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí àkókò náà tó pé. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ni National Industrial Court, ó sì ní ẹ̀ka n'Ílọrin. Torí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ dá password padà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ dá padà sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Tí nǹkan bá sọnù lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, ìwé yẹn ló máa gbà yín sílẹ̀.

Ó kan ẹ̀yin ọ̀gá báyìí. Ohun tó burú jù ni kí ẹ fún èèyàn níwèé ìgbaṣẹ́, kó tó di pé ẹ rántí kọ̀ǹpútà. L'Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2008, Fannie Mae, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń rí sí owó tí àwọn èèyàn ń yá ra ilé, gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan. Wọn ò ti ọ̀nà mọ́ ọn títí di alẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ó fi iṣẹ́ ibi kan pamọ́ sínú ẹ̀rọ wọn, tí ì bá pa àkọsílẹ̀ inú nǹkan bíi 4,000 kọ̀ǹpútà ńlá rẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2009. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnjiníà mìíràn tó rí i ṣáájú. Ilé ẹjọ́ rán ọkùnrin náà lẹ́wọ̀n oṣù 41.

Torí náà, bí ẹnìkan ṣe ń bá òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ password ní yàrá kejì. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ó ń dáàbò bo òun náà: tí owó bá pòórá lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa nàka sí i. Kí ẹ sì jẹ́ kó kó fọ́tò àti nọ́ńbà tara rẹ̀ kúrò nínú láptọ́ọ̀pù, lójú ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni olè.

Èwo lẹ máa kọ́kọ́ tì? Àkáǹtì owó ni, lẹ́yìn náà ímeèlì. Ímeèlì ni ìyá gbogbo wọn, torí ẹni tí ímeèlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ pé òun gbàgbé password àwọn yòókù, kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ sí i. Ẹ má pa àkáǹtì náà rẹ́ o, ìwé oníbàárà yín wà níbẹ̀. Ẹ kàn yí password padà, kí ẹ sì yọ gbogbo fóònù tó ṣì wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ password kan náà lẹ jọ ń lò, gbogbo yín lẹ máa yí tiyín.

Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé Facebook àti WhatsApp. Ní Britain, lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ HMV tó ń ta àwo orin ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, lọ́kan nínú wọn bá ń ròyìn gbogbo ẹ̀ lórí Twitter ilé iṣẹ́ náà. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gbọ́ tí ọ̀gá kan ń béèrè báwo ni wọ́n ṣe ń ti Twitter pa. Ọ̀gá yẹn ò dá wà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá níbí náà ò mọ̀ ọ́n.

Kí ẹni méjì máa jẹ́ admin, kí iṣẹ́ tó bọ́ rárá. Ní San Francisco lọ́dún 2008, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú kan ṣoṣo ló mọ password ẹ̀rọ tó so àwọn ọ́fíìsì wọn pọ̀. Ìjà dé láàárín òun àtàwọn ọ̀gá, ó ní òun ò sọ. Wọ́n tì í mọ́lé, kò sọ, àfìgbà tí olórí ìlú, Gavin Newsom, fúnra rẹ̀ lọ bá a ní àtìmọ́lé. Lọ́dún 2010, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 4.

Ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ tún ní ẹrù mìíràn. Òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú ti ọdún 2023 sọ pé tí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè pa wọ́n lára, ẹ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ Nigeria Data Protection Commission létí. Káàdì aláìsàn tó ṣì wà nínú fóònù nọ́ọ̀sì tó ti lọ lè dé ibẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ sim. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ṣí àkáǹtì, orí fóònù rẹ̀ sì ni báǹkì ń fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí. Ẹ má bá a jà du sim rẹ̀. Báǹkì ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò yín, kí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà kí ẹ tó fún un níwèé.