Ọsàn (ọ̀rọ̀)

Ọsàn jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú èdè Yorùbá tí ó dúró fún èso méjì tí kò bá ara wọn tan: àgbálùmọ̀ (Chrysophyllum albidum), tí ó jẹ́ igi ilẹ̀ Áfíríkà, àti ọsàn mímu (Citrus sinensis), tí ó ti Éṣíà wá. Ó yàtọ̀ sí ọ̀sán, ìgbà tí oòrùn wà lókè, àti sí ọsán, okùn ọrun. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyípadà ìtumọ̀

Gúúsù Ṣáínà àti agbègbè rẹ̀ ni orírun ọsàn mímu. Àwọn oníṣòwò ará Pọtogí wà lára àwọn tí ó tàn án kálẹ̀. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò yá orúkọ fún un. Orúkọ èso tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n fún un, wọ́n sì fi "òyìnbó" kún un: ọsàn òyìnbó, bí wọ́n ti ṣe fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ọsàn wẹ́wẹ́, tí ó kéré tí ó sì kan, bá a wọ inú orúkọ náà. Lónìí, àlejò ti gba ilé lọ́wọ́ onílé: bí a bá ní "ọsàn" lásán, ọsàn mímu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́, àgbálùmọ̀ ni ó wá ń fẹ́ àlàyé. Nítorí náà, igi ọsàn inú ìtàn tí ó ṣáájú dídé àwọn òyìnbó kò lè jẹ́ igi ọsàn mímu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹkàwé sábà máa ń rò ó.

Ní Afijió

Fìdítì, ní ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, gbajúmọ̀ fún títa èso, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó pàápàá. Ìlọrà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Àwọn olùtà máa ń fi abẹ bẹ èèpo ọsàn títí yóò fi ku funfun, wọn a sì gé e lórí fún ẹni tí yóò mu ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbálùmọ̀ ń gbóde. Nígbà náà, ó di dandan kí oníbàárà sọ irú ọsàn tí òun ń fẹ́.

Ní èdè mìíràn

Lemu àwọn Haúsá náà gbòòrò: lemun zaƙi ni ọsàn dídùn, lemun tsami ni èyí tí ó kan. Láàrin àwọn èdè Jámánì, "apple" ti Gẹ̀ẹ́sì jọ ọsàn jù lọ, nítorí pé èso èyíkéyìí ni wọ́n ń fi pè tẹ́lẹ̀. Apfelsine ti Jámánì àti sinaasappel ti Họ́láńdì túmọ̀ sí "ápù Ṣáínà". "Orange" ní tirẹ̀ ti Sanskrit wá, ó gba èdè Páṣíà, Lárúbáwá àti Faransé kọjá. Àgbálùmọ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "African star apple", nítorí pé ibi tí kóró rẹ̀ wà máa ń rí bí ìràwọ̀ bí a bá gé e ní ìbú.