Manifesto: Ẹṣin Tí Agbára Rẹ̀ Di Ẹrù Lé Lórí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré. Ṣùgbọ́n ní Aintree, lẹ́bàá ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Grand National, níbi tí ó jẹ́ pé ẹṣin iwájú gan-an ni wọ́n máa ń di ẹrù lé jù lọ. Ẹṣin tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn kedere ni Manifesto, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ireland ní ọdún 1888, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ṣì wà lórí ìtẹ́.

Eré náà kì í ṣe ti orí ilẹ̀ tó tẹ́jú lásán. Àwọn ẹṣin yóò yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 7, wọn yóò sì fo ìdènà 30, tí kòtò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn nínú wọn. Ẹṣin tó bá ṣubú lè kán lẹ́sẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ kú. Kí ọjọ́ eré tó pé, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ohun tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ti ṣe sẹ́yìn, kí ó sì kéde ìwọ̀n tí yóò gbé. Bí ẹlẹ́ṣin àti gàárì rẹ̀ kò bá wúwo tó ìwọ̀n náà, wọn a fi òjé kún un. Ète wọn ni pé kí alágbára àti aláìlágbára lè jọ du ipò kìíní. Ẹṣin tó bá borí lónìí ti di ẹrù ọ̀la sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Harry Dyas ló kọ́kọ́ ni Manifesto. Ní 1895, ó ṣe ipò kẹrin. Ní 1896, ó ṣubú níbi ìdènà àkọ́kọ́. Ní 1897, Terry Kavanagh gùn ún, ìwọ̀n kìlógíráàmù 71 sì ni ó gbé. Ó fi gígùn ẹṣin 20 ṣíwájú ẹni tó ṣe ipò kejì. Lẹ́yìn èyí ni J. G. Bulteel rà á ní £4,000, owó ńlá nígbà náà.

Àgbákò dé ní 1898. Ọmọ iṣẹ́ kan gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ilé ẹṣin dáadáa. Manifesto jáde, ó fo géètì, ó sì fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe. Eré ọdún náà kọjá lórí rẹ̀.

Nígbà tó padà ní 1899, ìwọ̀n rẹ̀ ti di kìlógíráàmù 79. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Canal Turn, wọ́n ti tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀ nítorí òtútù tó mú kí ilẹ̀ le. Bí ẹṣin náà ti balẹ̀ sórí rẹ̀ ni ó yọ̀, ó kù díẹ̀ kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. George Williamson tó gùn ún kò já bọ́. Ẹṣin náà gbéra, ó lé àwọn yòókù bá, ó sì borí. Láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ títí di òní, ẹṣin 4 péré ló ti gbé ìwọ̀n yẹn dé ipò kìíní.

Ní 1900, wọ́n sọ ọ́ di kìlógíráàmù 82. Ambush II, ẹṣin Ọmọọba Edward tó jẹ́ àrólé Victoria, ló borí lọ́dún náà pẹ̀lú ìwọ̀n 71. Manifesto sún mọ́ ọn títí dé òpin kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ipò kẹta ni ó ṣe. Ó tún ṣe ipò kẹta ní 1902 àti 1903. Ní 1904, nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, ó ṣe ipò kẹjọ. Ìgbà 8 ni ó sá eré náà lápapọ̀.

Àwọn tó ń gbèjà ètò ẹrù yìí ní ẹjọ́ tiwọn: bí kò bá sí i, ẹṣin olówó kan ṣoṣo ni yóò máa borí lọ́dọọdún, eré yóò sì sú àwọn tó ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ kì í sábà rántí ẹrù. Orúkọ ẹni tó ṣíwájú ni ó máa ń pa mọ́. Ẹni tó bá ka ti 1900 yóò rí ẹṣin ọmọọba ní òkè, yóò sì rí Manifesto ní ipò kẹta. Kò ní rí kìlógíráàmù 11 tó wà láàárín wọn, àyàfi tó bá wá a.

Èyí ni ó yẹ kí a máa wá nínú ìtàn ẹnikẹ́ni kí a tó dájọ́ fún un. Béèrè ibi tó dé, kí o sì béèrè ohun tó rù dé ibẹ̀.